Ìsọ̀kalẹ̀ Tí Wọ́n Ń Pè Ní Tíṣà-Sọ̀

Ilé wa,
Festac Town, Amuwo-Odofin.
Àárọ̀ Sátidé.

Fọláṣadé, Àjọkẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun tí lẹ́tà rẹ ti dé, mo ti kà á tó ẹ̀ẹ̀mẹrin. Màmá rẹ ní bí mo bá tún tú u lẹ́ẹ̀kan sí i, á já sí méjì níbi tí o ti ṣẹ́ ẹ po. Àlàáfíà ni a wà. Omi ń yọ nínú ẹ̀rọ lọ́sẹ̀ yìí, àwọn igi tí wọ́n gbìn sí ẹ̀gbẹ́ títì wa sì ti ga jù mí lọ báyìí. Mo mọ̀ pé ara tìrẹ náà yá gágá, nítorí n kò tíì rí aláìsàn tó ń kọ lẹ́tà olójú-ewé mẹ́fà nítorí kẹ̀kẹ́.

Ọmọ mi di tíṣà ní Ẹ̀fọ̀n! Bí mo bá ń lọ sí ibi iṣẹ́ láàárọ̀, tí àwọn kọ̀ndọ́ ń pariwo mọ́ mi létí ní Mile 2, tí ọkọ̀ àjàgbé ń fín èéfín sí mi lára, èmi nìkan a máa rẹ́rìn-ín. Mo ń rántí pé ọmọ mi wà níbi tí ìkùukùu ti ń gba ojú fèrèsé wọlé, pé ó ń fi ṣọ́ọ̀kì kọ̀wé fún àwọn ọmọ ní ìlú tí èmi náà ti fi ṣọ́ọ̀kì kọ̀wé kí a tó bí ọ. Ẹnì kan bi mí léèrè lánàá pé kí ló ń pa mí lẹ́rìn-ín. Mo ní òkè ni. Ó wo òkè, kò rí nǹkan kan, ó sún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

Nǹkan mẹ́ta ni o béèrè. O ní kí n fi kẹ̀kẹ́ ológeere mi ránṣẹ́ sí ọ. O ní kí n kọ àwọn ọ̀nà àtijọ́ tí mọ́tò kì í gbà láàárín àwọn ìlú orí òkè, torí ìwọ àti àwọn tíṣà méjì ẹlẹgbẹ́ rẹ fẹ́ fi ìsinmi Àjíǹde gun kẹ̀kẹ́ láti ìlú dé ìlú. O wá tún béèrè, bí ẹni ń béèrè iyọ̀ lọ́wọ́ aládùúgbò, ìdí tí wọ́n fi ń pe ìsọ̀kalẹ̀ kan lójú ọ̀nà Òkè-Mẹ̀sí ní Tíṣà-Sọ̀. O ní àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ sọ pé tíṣà kan wà láyé ọjọ́un tó mọ ọ̀wọ̀ àgbà tó bẹ́ẹ̀ tó jẹ́ pé kò sí àgbà tó bá pàdé níbẹ̀ tí kì í sọ̀ kalẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́ fún.

Háà! Ṣadé! Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Nígbà tó ṣe, n kò mọ̀ bóyá ẹ̀rín ṣì ni.

Mo kà á sókè fún Màmá rẹ. Nígbà tí mo dé ibi orúkọ yẹn, ó gbé ẹ̀wà tó ń ṣà sílẹ̀. Ó dìde, ó lọ sí báńkónì níbi tí mo fi ṣéènì àti àgádágodo so kẹ̀kẹ́ mọ́ irin, ó já kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ kúrò lára ìṣó, ó sọ ọ́ sínú pọ́ọ̀sì rẹ̀. Ó ní, "Bàbá Ṣadé, kẹ̀kẹ́ yìí kò ní gun òkè kankan. Ẹ lè máa gùn ún yí Festac ká." Bẹ́ẹ̀ Bọ̀dá Ràsákì, dírẹ́bà tó ń gbé Ijegun-Egba, ti gbà láti gbé e sórí ọkọ̀ rẹ̀. Mazamaza ló ti ń gbéra láàárọ̀ ọjọ́ Ajé. Bí kẹ̀kẹ́ kò bá bá a lọ, kò tún ní gba Ẹ̀fọ̀n kọjá mọ́ títí ìsinmi yín yóò fi tán.

Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó ti tábìlì láàárọ̀ yìí. Gbogbo rẹ̀ ni mo fẹ́ kọ. Lọ́la, tí a bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, màá ka lẹ́tà yìí fún Màmá rẹ láti òkè dé ilẹ̀. Bó bá gbọ́ ọ tán tó ṣì ní rárá, kò sí kẹ̀kẹ́ nìyẹn, n kò sì ní bá a jà. Òun ló ni ẹsẹ̀.

O mọ ẹsẹ̀ tí mò ń wí. Láti kékeré lo ti mọ ìró rẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ọ̀kan wúwo, ọ̀kan fúyẹ́. A sọ fún ọ pé ewúrẹ́ ló sáré bọ́ sójú ọ̀nà tó fi ṣubú. Jẹ́ kí ewúrẹ́ yẹn dúró ná. Mo ń bọ̀ wá bá a.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti ọ̀nà, nítorí ó dùn ún sọ.

Èkíní, ẹ má tilẹ̀ sún mọ́ títì ọlọ́dà. Àwọn ọkọ̀ tó ń kó gẹdú kì í wojú ẹnikẹ́ni. Ọ̀nà tí ẹ ń wá wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì ńlá, níbi tí igi obì mẹ́ta ti dúró. Bí wọ́n bá ti gé wọn, ẹ béèrè ọ̀nà Òkè-Mẹ̀sí àtijọ́. Ọkọ́ àti àdá ni àwọn bàbá ará ibẹ̀ fi la ọ̀nà náà. Nígbà tí títì ọlọ́dà dé, mọ́tò kọ̀ ọ́ sílẹ̀, koríko hù sí àárín rẹ̀, ó wá ku ojú ẹsẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ méjì tó rọ̀ fún táyà. Lásìkò kòkó, àárín ọ̀nà gan-an ni wọ́n ń sá kòkó sí, wọn a sì wọlé lọ jẹun. Bí ẹ bá bá a níbẹ̀, ẹ sọ̀, kí ẹ fọwọ́ ti kẹ̀kẹ́ gba etí rẹ̀. Òórùn rẹ̀ yóò bá yín dé ìsàlẹ̀ òkè.

Ọmọ mi, ìdákẹ́jẹ́ ibẹ̀! Ìró ṣéènì ara mi ni mo máa ń gbọ́. Màá gbọ́ àdàbà, màá gbọ́ omi tí n kò rí. Adẹ́mu kan wà tó jẹ́ pé orí ọ̀pẹ ló ti máa ń kí mi láìrí mi: "Tíṣà, ẹ kú ìrìn o!" Mo bi í léèrè lọ́jọ́ kan pé báwo ló ṣe ń mọ̀ pé èmi ni. Ó ní kẹ̀kẹ́ mi nìkan ló ń ké fíín-fíín láàárín òkè méjèèjì, kí n dákun fi epo sí i. Mo fi epo sí i. Lọ́sẹ̀ kejì kò kí mi mọ́, inú mi kò dùn.

Bí ẹ bá ní ọjọ́ kan sí i, ẹ gba apá kejì, láti Ẹ̀fọ̀n lọ sí Ìkòógòsí. Ẹ ó ti kẹ̀kẹ́ ju bí ẹ ó ti gùn ún lọ, ṣùgbọ́n omi gbígbóná àti omi tútù tó pàdé níbẹ̀ yóò tu ẹsẹ̀ yín lára. Mo ti bọ bàtà síbẹ̀ rí, mo sùn lọ, wọ́n ní mò ń han-run.

Èkejì, ẹ má gba àwọn ará òkè gbọ́ lórí ọ̀rọ̀ jíjìn. Wọn kò purọ́ o, ẹsẹ̀ tiwọn ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Ẹ ó béèrè pé ìlú tó kàn dà, wọn a yọ ẹnu síwájú, wọn a ní, "Ó wà níbẹ̀ yẹn." Níbẹ̀ yẹn tí wọ́n wí fún mi nígbà àkọ́kọ́, òkè méjì ló wà láàárín, n kò sì gbé omi dání. Nígbà tí mo débẹ̀, n kò lè kí ẹni tó gbà mí lálejò. Má bi wọ́n pé "Ṣé ó jìnnà?" Bi wọ́n pé, "Ṣé màá débẹ̀ kí oòrùn tó mú?" Ìyẹn ni wọn yóò dáhùn bó ti yẹ.

Èkẹta, kò sí ìtìjú nínú kí èèyàn ti kẹ̀kẹ́ gun òkè. Èmi rò pé ó wà. Lọ́jọ́ ọjà, mo fẹ́ kí àwọn obìnrin tó ń bọ̀ rí bí tíṣà ṣe ń gun òkè láìsọ̀. Ṣéènì gbá ṣòkòtò mi mú, ó fà á ya dé orúnkún. Mo kọ́ gbogbo iṣẹ́ ọjọ́ náà pẹ̀lú ẹ̀yìn mi lára ògiri, mo ń nawọ́ sẹ́yìn kọ nǹkan sójú pátákó bí afọ́jú. Nítorí náà, fi rọ́bà di ẹsẹ̀ ṣòkòtò rẹ. Bẹ́ẹ̀ ni, ṣòkòtò ni mo wí. Yẹ̀rì kò ṣeé gun kẹ̀kẹ́ lórí òkè. Màmá rẹ yóò gbọ́ gbólóhùn yìí lọ́la, Ọlọ́run ló máa kó mi yọ.

Ẹ gbé gọ́ọ̀mù àti páǹpù dání. Ẹ má jẹ búrẹ́dì nìkan. Ẹ kí ilé tí ẹ bá sùn dáadáa kí ẹ tó kúrò níbẹ̀. Mo ti sọ nọ́ńbà nù. Ó dára náà, torí èyí tó kù yìí kò gba nọ́ńbà.

Ọmọ Ìjẹ̀bú ni mí, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde níléèwé àwọn olùkọ́, mo ní kẹ̀kẹ́ tuntun, mò ń wọ táì. Ní òkè yẹn nígbà náà, bí o bá wà lórí kẹ̀kẹ́ tí o pàdé àgbà, o gbọ́dọ̀ sọ̀, kí o kí i, kí o ti kẹ̀kẹ́ rẹ kọjá lára rẹ̀, kí o tó tún gùn ún. Èmi a tẹ aago, màá ju ọwọ́ sókè, ó parí. Àwọn ará ìlú lọ fẹjọ́ sun ọ̀gá iléèwé pé tíṣà tuntun ń ti orí kẹ̀kẹ́ kí bàbá wọn. Wọ́n mú mi lọ dọ̀bálẹ̀ fún àgbà mẹ́ta, lójú àwọn ọmọ tí mò ń kọ́. Inú bí mi, kò ṣeé fẹnu sọ. Mo ń bínú lọ, mo ń bínú bọ̀.

Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni Màmá rẹ wá kí àbúrò ìyá rẹ̀ ní Ẹ̀fọ̀n. A kò tíì ṣègbéyàwó nígbà náà. Mo ní màá gbé e padà sílé wọn ní Òkè-Mẹ̀sí. Ó jókòó sórí kárìà lẹ́yìn mi, ó fọwọ́ kan di bẹ́líìtì mi mú, ó fi èkejì di gèlè rẹ̀ mú. Mo gbé e títí dé òkè téńté, mo ń mí hẹlẹhẹlẹ, mo ń díbọ́n pé kò rẹ̀ mí. Ibẹ̀ ni ìsọ̀kalẹ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀. O ti rí i báyìí: ó gùn, ó yí díẹ̀ sápá òsì lábẹ́ igi, o kò ní rí odò títí o fi máa dé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Afárá onígi ló wà níbẹ̀ láyé tiwa. Mo fi bíréèkì sílẹ̀. Afẹ́fẹ́ ń gbé táì mi lọ sẹ́yìn, ó ń gbá Màmá rẹ lójú, òun sì ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ṣì wà létí mi bí mo ti ń kọ̀wé yìí.

Ìyá àgbà kan jókòó lẹ́nu oko rẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà. Bó ti rí wa, ó dìde, ó na ọ̀pá rẹ̀ sókè. "Tíṣà, sọ̀! Tíṣà, sọ̀ o!"

Mo ní nínú ọkàn mi pé wọ́n tún ti dé. Mo ní n kò ní sọ̀ fún ẹnikẹ́ni mọ́ lọ́sẹ̀ yìí. Mo tẹ aago fún un, girin-girin, mo kọjá. Ó tún pariwo ọ̀rọ̀ kan lẹ́yìn wa, afẹ́fẹ́ gbé e lọ, n kò gbọ́.

Òjò ti gbé afárá náà lọ. Igi kan péré ló kù níbẹ̀. Èmi bọ́ sínú omi, ìgbọ̀nwọ́ mi nìkan ló bó. Màmá rẹ bọ́ sórí òkúta.

Ìyá náà ló sọ̀ kalẹ̀ wá bá wa, ó ń sáré bí agbára rẹ̀ ti mọ. Ó tú ìborùn ara rẹ̀, ó fi ọ̀pá rẹ̀ gbe ẹsẹ̀ Màmá rẹ, ó dì í. Kò bú mi. Ó kàn wò mí pẹ̀lú omi tó ń ro lára táì mi, ó ní, "Tíṣà, mo ní kí o sọ̀."

Nígbà tí bàbá ìyá rẹ béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀, ẹnu mi ló sọ pé ewúrẹ́ kan ló já lu ọ̀nà. Màmá rẹ wò mí láti orí ẹní. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, ewúrẹ́ ni. Lọ́jọ́ kẹta, bàbá kan dé láti abúlé ẹ̀gbẹ́ odò yẹn. Ó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ, ó ní òun nìkan ló ń sin ewúrẹ́ lágbègbè náà, kí wọ́n ṣàánú òun. Ó ti fa ewúrẹ́ náà wá láti fi bẹ̀bẹ̀. Wọ́n pa á, wọ́n sè é. Mo jẹ nínú rẹ̀, Ṣadé. Mo jókòó, mo sì jẹ nínú rẹ̀.

Nítorí náà, èmi ni tíṣà tó níwà, tó mọ ọ̀wọ̀ àgbà. Ó ní láti jẹ́ pé ìyá náà sọ ọ́ fún àwọn aládùúgbò rẹ̀, wọ́n sì sọ ibẹ̀ ní ohun tó pariwo sí mi. Ojú tì mí nígbà tí mo ka lẹ́tà rẹ, ó ṣì ń tì mí. Kò sí ọjọ́ tí Màmá rẹ gun àtẹ̀gùn ilé yìí tí n kò ka ẹsẹ̀ rẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn kò jókòó sórí kẹ̀kẹ́ mọ́, n kò sì bi í rí bóyá ó ti dárí jì mí. Ẹ̀rù ìdáhùn rẹ̀ ló ń bà mí.

Ìmọ̀ràn mi kò ju èyí lọ: bí ẹnikẹ́ni ní òkè yẹn bá ní kí o sọ̀, kọ́kọ́ sọ̀, kí o tó béèrè ìdí. Bó bá jẹ́ ìkíni ló ń wá, kí i, kò sí ohun tó máa dín lára rẹ. Bó bá jẹ́ nǹkan mìíràn, wàá ti dúró.

Ọ̀sán Sọ́ńdè.

Mo ti kà á fún un. Báńkónì ni a jókòó sí, kẹ̀kẹ́ náà wà láàárín wa. Níbi ṣòkòtò tó ya, ó rẹ́rìn-ín. Níbi yẹ̀rì, ó pòṣé. Níbi ewúrẹ́, ó fọwọ́ bojú. Nígbà tí mo parí, mo ká ìwé náà, mo ní, "Àdùkẹ́, dákun, dárí jì mí."

Ó wá ní, "Kí ni ìyá yẹn sọ lẹ́yìn tí a kọjá?"

Mo ní ṣebí mo ti kà á, afẹ́fẹ́ ló gbé e lọ, n kò gbọ́.

Ó ní, "Èmi gbọ́."

Mo gbé ìwé náà sílẹ̀.

Ó ní, "Èmi ni mo wà lẹ́yìn. Èdè wa ló sọ. Ó ní omi ti gbé afárá. Mo gbọ́ ọ ketekete, Bàbá Ṣadé. Bí mo bá fa bẹ́líìtì yín lẹ́ẹ̀kan péré, ẹ ó dúró. N kò fà á. Ẹnikẹ́ni kò gbé mi sáré bẹ́ẹ̀ rí láyé mi. Mo ní kó kù díẹ̀ sí i kí n tó sọ. Díẹ̀ sí i. N kò mọ̀ pé odò ti dé."

Mo ní kí ló dé tí kò sọ fún mi láti gbogbo ọdún yìí wá. Ó ń wo àwọn ọmọ tó ń gba bọ́ọ̀lù nísàlẹ̀, kò wo ojú mi. Ó ní, "Mo rò pé nítorí ẹsẹ̀ yìí lẹ ṣe fẹ́ mi. Mo ní bí mo bá sọ fún yín, ẹ̀bi á kúrò lọ́rùn yín, ẹ ó sì lọ."

Ṣadé, mo pariwo. Aládùúgbò yọ orí wò wá láti fèrèsé. Mo ní, "Ìwọ obìnrin yìí! Kí ló gbé mi gun òkè láti Ẹ̀fọ̀n lọ́jọ́ náà, tí mò ń mí bí ẹṣin? Ṣé ewúrẹ́ ni?" Ó bú sẹ́rìn-ín. Ọmọ mi, ẹ̀rín náà ni! Ẹ̀rín ìsọ̀kalẹ̀ náà gan-an ni. Mo ti rò pé inú omi yẹn ló kú sí.

N kò lè kọ jù báyìí lọ. Ó ní kí n fún òun ní bírò. Kí Olúwa ṣọ́ ẹsẹ̀ rẹ àti táyà rẹ.

Èmi ni,
Bàbá rẹ, Tíṣà tí kò sọ̀.

Ṣadé, èmi Màmá rẹ ni. Kẹ̀kẹ́ ń bọ̀ pẹ̀lú ṣéènì rẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ nìyí, mo ti fi òwú dì í mọ́ ìwé yìí kó má bàa sọnù. Ìyàwó Ràsákì ni màá fi lẹ́tà náà lé lọ́wọ́, torí ọkọ rẹ̀ máa ń gbàgbé nǹkan. Wọ ṣòkòtò, kò burú. Bí o bá gbé ẹnikẹ́ni sẹ́yìn, sọ fún un pé ohun tó bá gbọ́, kó sọ ọ́ lójú ẹsẹ̀, bó ti wù kó máa dùn mọ́ ọn tó. Wá ilé bàbá elewúrẹ́ yẹn. Bí kò bá sí mọ́, wá ọmọ rẹ̀, kí o kúnlẹ̀, kí o sọ fún wọn pé ewúrẹ́ wọn kò mọwọ́ kò mẹsẹ̀. N kò ní purọ́ fún ọ, ìsọ̀kalẹ̀ yẹn dùn, títí di òní mo ṣì ń lá a lálàá. Ṣùgbọ́n bí o bá dé Tíṣà-Sọ̀, ọmọ mi, sọ̀.